Ẹni Tó Dáhùn ní Abà Alápáta

Nígbà tí Festus Ìyápọ̀ sọ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn pé òun àti ìyàwó òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Òkèhò dé Ṣakí, wọ́n rò pé mọ́tò rẹ̀ ló bàjẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní òun lè yá a ní ọ̀kadà. Festus ní kò sóhun tó ṣe mọ́tò, àwọn kàn fẹ́ rìn ni.

Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí òun àti Mọ́ládé ìyàwó rẹ̀ ti máa ń wo àwọn tọkọtaya kan lórí fóònù, tí wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń gun àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń sùn nínú àgọ́ aláṣọ, tí yìnyín sì funfun lórí òkè lẹ́yìn wọn. Festus mọ orúkọ àwọn òkè náà lórí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń ya àwòrán wọn sójú pátákó láìfojú rí wọn rí. Mọ́ládé ní tirẹ̀ fẹ́ràn bí àwọn èèyàn náà ṣe máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ti dé orí òkè, bíi pé wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n Andes kì í ṣe ibi tí tíṣà àti nọ́ọ̀sì kàn lè dìde kí wọ́n máa lọ. Ni Festus bá sọ lọ́jọ́ kan pé, “Ṣé Òkè-Ògùn tiwa yìí kì í ṣe òkè ni?”

Mọ́ládé rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí Kérésì kọjá, tí ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà ní ìsinmi, tí òun náà sì gba ìsinmi ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n di báàgì méjì, wọ́n wọ mọ́tò dé Òkèhò, wọ́n sì mú ọ̀nà igbó pọ̀n.

Ìgbéyàwó wọn kò tíì pẹ́. Mọ́ládé ti ní ọkọ kan rí. Dayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń tún iná mànàmáná ṣe ni, ọlọ́yàyà èèyàn tó máa ń súfèé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Orí ọ̀kadà ni mọ́tò ti gbá a, wọ́n gbé e dé ọsibítù tí Mọ́ládé wà lẹ́nu iṣẹ́, níṣojú rẹ̀ ló sì kú. Mọ́ládé fúnra rẹ̀ ló pa ojú rẹ̀ dé. Òun ló wẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀.

Ní bí ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin kan tó máa ń nájà ìlú òkè wá sílé wá sọ fún un pé òun rí Dayọ̀ ní ọjà Kìṣí, tó ń yan okùn. Ó ní akúdàáyà ni. Ó ní ẹni tó bá kú nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé máa ń lọ gbé ní ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, á máa ṣiṣẹ́, á fẹ́ aya, á bímọ, títí di ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá fi orúkọ rẹ̀ pè é. Tí wọ́n bá ti pè é, á tún gbéra ni. Mọ́ládé sin obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ní kó má wá sílé òun mọ́. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ bí òkú ṣe ń rí.

Festus kò bá Dayọ̀ pàdé láyé. Fọ́tò rẹ̀ ló mọ̀, èyí tó wà lára ògiri nígbà tó kọ́kọ́ wá ń fẹ́ Mọ́ládé sọ́nà, tó sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, nítorí Mọ́ládé bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà. Nínú fọ́tò náà, Dayọ̀ gbé ọwọ́ òsì lé àyà. Àdá ti gé ọmọńdinrín ọwọ́ náà nígbà tó wà lọ́mọdé, oríkèé kan péré ló kù níbẹ̀. Abẹ́ fọ́tò yìí ni Festus ti máa ń jẹun.

Ìrìn náà dùn níbẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ mú, ẹnu wọn gbẹ, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n bá pàdé a dúró wo báàgì ẹ̀yìn wọn, wọn a bi wọ́n bóyá ìjọba ló rán wọn. Àwọn ọdẹ ti sun igbó, ilẹ̀ dúdú lọ súà, àwọn àpáta ńlá sì yọ nínú kùrukùru ọyẹ́ bíi ẹran tó dùbúlẹ̀. Festus ń fi ọwọ́ júwe bí àpáta ṣe ń là, bí odò ṣe ń gbẹ. Mọ́ládé ní, “Tíṣà, ẹ rántí pé ìsinmi la wà o.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gba inú ahoro kan kọjá, ibi tí àwọn èèyàn ti gbé nígbà kan kí wọ́n tó ṣí lọ. Ìdí ògiri ló kù, àti àwókù ìkòkò, àti ọlọ kan tí ẹnìkan dojú rẹ̀ dé. Mọ́ládé dúró láàárín ibẹ̀.

“Tíṣà, ta ló ń súfèé?”

Festus tẹ́tí. Afẹ́fẹ́ nìkan ló gbọ́. “Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Ó ti dákẹ́,” ni Mọ́ládé wí. Láti ìgbà yẹn ni ìrìn rẹ̀ ti yí padà. Ó ń rìn níwájú, ó ń yára, bíi pé ẹnìkan ń retí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, omi wọn tán. Odò tí Festus gbẹ́kẹ̀ lé ti gbẹ, yanrìn ló kù níbẹ̀. Wọ́n rí èéfín nísàlẹ̀ àpáta gìrìwò kan lọ́ọ̀ọ́kán. Mọ́ládé ti rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi irú, Festus sì gbé gálọ́ọ̀nù omi, ó ní kó dúró de òun.

Abà kékeré kan ni, ilé mẹ́ta tó ṣù pọ̀, méjì nínú wọn wà ní títì. Ọkùnrin kan dúró níta tó ń la igi, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ̀nà. Ó ń súfèé. Festus ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ọkùnrin náà sì yí padà.

Ohun tí Festus kọ́kọ́ rò ni pé òun mọ ẹni yìí, ó sì yá a lára láti kí i bí ojúlùmọ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Ó wo ọwọ́ òsì ọkùnrin náà lára igi àáké. Ọmọńdinrín ọwọ́ náà kúrú, oríkèé kan péré ló kù.

“Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá,” ni ọkùnrin náà wí. “Omi lẹ̀ ń wá? Samsudeen lorúkọ mi. Ẹ wá jókòó, ẹ fún mi ní gálọ́ọ̀nù yẹn.”

Festus fẹ́ sáré padà. Ó fẹ́ sọ fún Mọ́ládé pé òun kò bá èèyàn níbẹ̀, pé kí wọ́n máa lọ, ì báà jẹ́ pé òùngbẹ ni wọ́n máa fi rìn dé Ofiki. Ṣùgbọ́n nígbà tó wẹ̀yìn, Mọ́ládé ti dìde lábẹ́ igi, ó ti ń bọ̀. Ìró súfèé yẹn ló ń tẹ̀ lé.

Kò ké. Ó rìn dé iwájú ilé, ó wo ọkùnrin náà, ó sì rọra jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn rẹ̀.

“Oòrùn ló mú wọn,” ni Samsudeen wí. Ó ké sínú ilé. “Rùkáyàt, bu omi tútù wá fún àwọn àlejò.”

Obìnrin tó gbé omi jáde kéré lọ́jọ́ orí sí Mọ́ládé dáadáa. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù, ọwọ́ kan ló fi gbé igbá, ó fi èkejì di ẹ̀yìn mú. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìṣòro láti gbé omi fún Mọ́ládé, Mọ́ládé sì di apá rẹ̀ mú kíákíá pé kó dìde. Bó ṣe di apá obìnrin náà mú nìyẹn, kò tètè fi í sílẹ̀.

Samsudeen àti Rùkáyàt ní kí àwọn àlejò sùn níbẹ̀. Nígbà tí Festus ń ta àgọ́ wọn lẹ́bàá àpáta, tí ilẹ̀ kò tíì ṣú tán, Mọ́ládé dúró tì í, ó di okùn àgọ́ mú láìfà á.

“Ẹ rí i,” ló wí.

“Mo rí i.”

“Mo wẹ̀ ẹ́, Tíṣà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Orí rẹ̀ ti là níbí.” Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí ara rẹ̀.

“Èèyàn lè jọ èèyàn.”

“Ẹ̀yin náà rí ìka yẹn.”

Festus kan irin àgọ́ mọ́lẹ̀, ó kan án ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ká máa lọ. Ká kó ẹrù wa nísinsìnyí.”

“Oyún obìnrin yẹn ti sọ̀ kalẹ̀. Ó lè jẹ́ lọ́la ló máa bí. Àwọn méjì péré ló sì wà lábà yìí, àwọn tó kù ti lọ ṣọdún, wọn ò tíì dé.” Ó tẹ ojú mọ́ Festus. “Ẹ má pe orúkọ rẹ̀ o. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló mú kí n lé obìnrin ọlọ́jà kan kúrò nílé mi. Ẹ ṣáà má pè é. Ọmọ yẹn á nílò bàbá.”

Festus gbà. Àmọ́ nígbà tí Samsudeen sun iṣu, tó gé e, tó bu epo sí i, tí àwọn méjèèjì jókòó sídìí iná, tí àwọn obìnrin wà nínú ilé, Festus rí i pé orúkọ náà ti wà lórí ahọ́n òun. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Tó bá sọ ọ́, ọkùnrin yìí á dìde, á wọ inú òkùnkùn lọ, ó sì lè jẹ́ pé á jáde kúrò nínú ilé tiwọn náà ní Ìsẹ́yìn, kúrò lórí ògiri, kúrò nínú àwọn ìgbà tí Mọ́ládé máa ń dákẹ́ láìnídìí.

“Níbo lẹ ti wá gan-an?” ló bi í.

“Ọ̀nà jìn, ọ̀gá. Ọ̀dọ̀ bàbá Rùkáyàt ní Ìgbòho ni mo ti wá ṣiṣẹ́ oko, ibẹ̀ ni mo ti bá a pàdé. Kí n tó débẹ̀, mo kàn ń rìn ká ni.”

“Ṣé ẹ mọ Ìsẹ́yìn?”

Ọwọ́ Samsudeen dúró lórí iṣu. “Mi ò kì í lọ sápá ibẹ̀. Tí mo bá ti dojú kọ ọ̀nà ibẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, ní ẹ̀yìn etí níbí.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé iṣu. “Ṣé ara ìyàwó yín dá? Ojú tí wọ́n fi ń wò mí dà bíi pé wọ́n ń retí kí n sọ nǹkan.”

“Ìrìn ló rẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ tọ́jú wọn,” ni Samsudeen wí. “Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì gbójú sókè lẹ́yìn tó sọ ọ́, bíi pé ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Rùkáyàt rẹ́rìn-ín nínú ilé lórí ohun tí Mọ́ládé sọ. Ẹ̀rín ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni. Festus fi iṣu gbé orúkọ náà mì.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni Rùkáyàt bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Mọ́ládé lé àwọn ọkùnrin síta, ó ní kí wọ́n gbé omi kaná. Bó ṣe fọwọ́ kan ikùn obìnrin náà báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ gbà á lọ́kàn, ẹ̀rù sì kúrò lára rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún Rùkáyàt, ó ń nu ojú rẹ̀, ó ń sọ ìgbà tó yẹ kó ti ọmọ síta àti ìgbà tó yẹ kó mí.

“Àǹtí, ẹ má fi mí sílẹ̀,” ni Rùkáyàt ń wí.

“Ibí ni mo wà. Mi ò lọ síbì kankan.”

Níta, Samsudeen ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ó ti dá iná tán, ó tún lọ ń la igi tí wọn kò nílò. Festus jókòó sórí òkúta, ó ń wò ó. Lójú mọmọ báyìí, ó rí i pé àbùlẹ̀ wà lára aṣọ ọkùnrin náà, pé eruku wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, pé òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ láàárín ọyẹ́. Kò sí ohun tó ṣàjèjì lára rẹ̀. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù pé kí ìyàwó òun má kú ni. Àánú rẹ̀ ṣe Festus, ìyẹn sì le fún un ju ẹ̀rù lọ.

Oòrùn ti yọ kọjá orí àpáta nígbà tí ọmọ dé. Obìnrin ni. Ó ké dáadáa. Samsudeen jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ibi ọmọ jáde, Mọ́ládé gbé ọmọ sí ọmú ìyá rẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó fi ọwọ́ ra ilé ọmọ láti orí ikùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bọ̀. Ojú Rùkáyàt ti ń funfun. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Oògùn tó máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró wà nínú báàgì Mọ́ládé, ó kó o dání nítorí pé kì í rìnrìn àjò láìkó o dání, àmọ́ báàgì wà nínú àgọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí ikùn náà. Ó ké síta láìronú. Ó ké bó ṣe máa ń ké ní ilé tó kọ́kọ́ gbé bí aya, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí ní ìdáná.

“Dayọ̀! Gbé báàgì mi wá!”

Ẹni tó wà níta náà dáhùn lójú ẹsẹ̀.

“Mò ń bọ̀, Àbẹ̀kẹ́.”

Kò sí ẹnì kankan tó ń pe Mọ́ládé ní Àbẹ̀kẹ́ mọ́. Ìyá tó bí i, tó sọ ọ́ ní oríkì yẹn, ti kú kó tó lọ́kọ. Dayọ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún Festus rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé abà náà, “ẹ̀yin” àti “ọ̀gá” àti “Àǹtí” ni àwọn onílé fi ń pe àwọn àlejò, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé báàgì wọlé. Ó tú u fúnra rẹ̀, ó mú àpò kékeré tí oògùn wà nínú rẹ̀ láìbéèrè èwo ni, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún Mọ́ládé. Lẹ́yìn náà ló dúró. Mọ́ládé gbójú sókè. Ojú tó wò ó kì í ṣe ojú Samsudeen mọ́. Ojú ẹni tó jí láti ojú oorun gígùn ni, tó ń rántí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò àti ọ̀nà àti ọsibítù.

“O ti wẹ̀ mí tán,” ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

“Jọ̀ọ́,” ni Mọ́ládé wí. “Jọ̀ọ́, dúró. Mi ò pè ọ́. Mi ò mọ̀ pé mo pè ọ́.”

“Tọ́jú rẹ̀ ná.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tó kúrú yẹn kan iwájú orí ọmọ, ó sì jáde.

Festus ti dìde níta. Ó ti gbọ́ orúkọ náà, ó sì ti gbọ́ èsì rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀. “Ẹ máa nílò ọ̀kadà láti gbé Rùkáyàt lọ sí ọsibítù. Mò ń lọ wá a lójú títì. Ẹ bá mi wò wọ́n.”

“Ṣé ẹ máa padà?” ni Festus bi í. Ó yà á lẹ́nu pé òun fẹ́ kó padà.

Ọkùnrin náà ti ń lọ. Kò wọ bàtà, kò mú àdá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó sì yà.

Ẹ̀jẹ̀ náà rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ó dá. Ọ̀kadà méjì dé láti apá Ofiki kí oòrùn tó dé àárín orí. Ẹni tó wa àkọ́kọ́ ní ọkùnrin kan tí kò wọ bàtà ló dá òun dúró lójú ọ̀nà, tó júwe abà náà fún òun, tó ní kí òun wá ẹnìkejì mú dání. Wọ́n bi í pé níbo ni ọkùnrin náà wà. Ó ní ó ti kọjá lọ sí apá ẹnubodè, pé ó ń yára rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Wọ́n gbé Rùkáyàt dé ọsibítù kan ní Ṣakí. Báyìí ni Festus àti Mọ́ládé ṣe dé ibi tí wọ́n ń rìn lọ, wọn ò tilẹ̀ rántí. Bàbá Rùkáyàt wá láti Ìgbòho, àwọn ará abà dé láti ibi ọdún, wọ́n wá Samsudeen kiri. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti di òkúta, wọn kò rí i mọ́ níwájú. Wọ́n sọ ọmọ ní Àlímọ̀. Bàbá ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, níbi tó yẹ kí bàbá rẹ̀ jókòó.

Nígbà tí ara Rùkáyàt mókun díẹ̀, ó ní kí Mọ́ládé jókòó ti òun. Festus fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Àǹtí, orúkọ kan lẹ fi pè é,” ni Rùkáyàt wí. “Mo gbọ́. Mo rò pé oorun ni. Ó sì dá yín lóhùn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ta ni?”

Mọ́ládé sọ fún un. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Kò sunkún títí ó fi dé ibi tó ti wẹ òkú, níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti já. Rùkáyàt ń gbọ́, ọmọ ń mu ọmú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Mọ́ládé.

“Ẹnu mi ló lé e lọ,” ni Mọ́ládé wí. “Mo ti sọ fún ọkọ mi pé kò gbọdọ̀ pè é. Èmi gan-an ni mo wá pè é.”

Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọjá, ọmọ kan ń ké ní ibùsùn kejì.

“Tí ẹ ò bá pe ẹnì kankan,” ni Rùkáyàt wí nígbẹ̀yìn, “ṣé mi ò ní kú?”

“Ẹ̀jẹ̀ ì bá pa ọ́,” ni Mọ́ládé wí.

“Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín?”

“Rárá. Tó bá ti sùn, ó sùn nìyẹn.”

“Lọ́dọ̀ mi, ó máa ń sọ̀rọ̀. Kò sí òru kan tí kì í sọ ọ́. Ó máa ń bẹ ẹnìkan pé kó ṣílẹ̀kùn fún òun. Tí mo bá bi í láàárọ̀ pé ilẹ̀kùn wo ni, kì í rántí.” Ó gbé ọmọ sí èjìká kejì. “Mo máa padà sí abà. Iṣu wa tí a fẹ́ gbìn wà níbẹ̀. Bàbá mi ní kí n má lọ, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ padà, ibẹ̀ ló mọ̀.”

Ó padà lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan bá a lọ, àwọn ará abà sì bá wọn kọ ebè. Mọ́ládé máa ń lọ wo òun àti Àlímọ̀ nígbà tó bá ráàyè, Festus ló máa ń wà á lọ. Rùkáyàt kì í béèrè nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bá wọn jà. Ó kàn máa ń rọra fọwọ́ nu àga fún wọn, á gbé omi wá, á jókòó sí ibi tó ti lè máa wo ọ̀nà.

Ní ilé wọn ní Ìsẹ́yìn, Festus ló máa ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Á tì í, á sì fa irin rẹ̀. Tó bá jí láàárọ̀, á bá irin náà ní ṣíṣí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó rò pé òun ló gbàgbé. Nígbà tó di pé ojoojúmọ́ ni, ó mọ ẹni tó ń ṣí i. Ó ń tì í lálẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì ń wọlé lọ dùbúlẹ̀ láìyí ojú padà, kí Mọ́ládé lè rí àyè dìde.